Ọjọ́-Orí Ilé àti Ọjọ́-Orí Pápá

Bàbá Jọláadé, jókòó ná. Gbé àpòòwé yẹn sórí tábìlì, má fún un mọ́ra bí ẹni pé mo fẹ́ já a gbà. Mo ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wá bá mi lábẹ́ igi yìí, tó kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì kó tó kí mi, mo ti mọ ohun tó bá wá. O fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pé ọdún báyìí ni wọ́n bí ọmọ rẹ, kí o wá gbé e wọ inú kóòtù tó wà lẹ́yìn wa yìí lọ búra. Màá tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò ní kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yìí títí n ó fi sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ. Tí o bá ń kánjú, akọ̀wé mìíràn wà lábẹ́ igi ọ̀hún, òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

O ò dìde. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbọ́.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí kò jìnnà síbí, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní irin gbígbé. Mo mọ̀ pé o mọ irin gbígbé. Àwọn ará ìlú yẹn ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, tó ní iṣẹ́ irin lòun ń kọ́ ọmọ, ìyá kan gbé ọkọ́ tó kán wá fún un pé kó bá òun tún un ṣe. Kóòṣì ni wọ́n wá ń pè é nígbà tó yá, nítorí wọn ò mọ nǹkan mìíràn tí wọn ì bá pè é.

Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kòkó kan tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ ló ti ń kọ́ wọn. Irin gidi kan ṣoṣo ló ní. Àwọn yòókù, ọ̀pá ìdí mọ́tò ni, tí wọ́n po sìmẹ́ńtì sínú agolo ọ̀dà, tí wọ́n fi há a lẹ́nu méjèèjì. Ẹfun tí àwọn ọmọ fi ń pa ọwọ́ kí irin má baà yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ̀ ọ́. Ọmọ méje ló ní lọ́dọ̀. Ó fẹ́ràn wọn. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ìyẹn dáadáa kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ: èèyàn dáadáa ni ọkùnrin náà.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Ọmọ tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wa yìí, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀, á rí ẹgbẹ́ kan tó máa ní kó wá jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn. Irin gbígbé ò ní ẹgbẹ́. Kò ní ìdíje ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, kò ní olùwòran, kò sí ẹni tó ń kọ orúkọ agbérin sẹ́yìn aṣọ. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ń bẹ lọ́dọọdún, fún ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ọmọ tó bá gba góòlù níbẹ̀, ìpínlẹ̀ á máa bọ́ ọ títí di ọdún tó ń bọ̀. Tí ọmọ bá ti kọjá ibẹ̀, ó di dandan kó dojú kọ àwọn obìnrin àti ọkùnrin tí wọ́n ti ń gbé irin kó tó dáyé, nínú àjọ̀dún eré ìdárayá tó jẹ́ pé ọdún tó bá wù ú ló ń wáyé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́, àfi iṣẹ́ aláṣọ.

Iṣẹ́ aláṣọ yẹn ni gbogbo wọn ń fojú sọ́nà fún. Iléeṣẹ́ ìjọba kan, àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn ń wọ aṣọ tó ní ìràwọ̀ léjìká, máa ń gba eléré ìdárayá díẹ̀ síṣẹ́, kí wọ́n máa jẹ owó oṣù kí wọ́n sì máa ṣeré fún wọn. Agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbà. Wọ́n á wá gba sárésáré. Tí àyè bá ṣẹ́ kù, wọ́n á rántí agbérin. Ó sì lè tó ọdún márùn-ún kí àyè tó ṣẹ́ kù.

Kóòṣì mọ gbogbo èyí, nítorí ó ti fojú rí i. Ọmọ tó kọ́kọ́ gba góòlù fún un ń gun ọ̀kadà. Èkejì ń gbé búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, àwọn bíríkìlà sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an torí ó ń gbé mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kẹta ti kọjá sí Kùtọ́nu, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀. Bí ọlọ́kadà yẹn bá rí i lójú títì, á dúró, á ní, "Kóòṣì mi, ẹ gun ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ n gbé yín délé," kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ló máa ń dun kóòṣì jù.

Lọ́jọ́ kan, ó rí ọmọbìnrin kan tó ń ti oko bọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó sọ ẹrù igi ìdáná kalẹ̀ kó lè sinmi. Ẹrù yẹn, èèyàn méjì ló yẹ kó gbé e ru ẹnì kan. Ọmọ yìí wo yíká, kò rí ẹnì kankan, ló bá bẹ̀rẹ̀, ó gbé e dé àyà, ó ti ẹsẹ̀ kan síwájú, ó gbé e dé orí. Ó ń lọ. Kóòṣì dúró síbẹ̀, ó lanu sílẹ̀. Ohun tó ti ń fi oṣù mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò yé wọn, ọmọ yìí ti mọ̀ ọ́n láti inú igbó wá.

Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ ọmọ náà. Igi ìdáná ni ìyá rẹ̀ ń tà. Kóòṣì tẹ̀ lé e délé lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó ní, "Ìyá Rẹ̀mí, ẹ fún mi lọ́mọ yìí kí n kọ́ ọ. Ọmọ yìí ò ní ta igi."

Ìyá náà ní, "Igi ló tọ́ ọ o, Kóòṣì. Kí ni irin fẹ́ fún un?"

"Iṣẹ́ ìjọba. Aṣọ tí wọ́n lọ̀, tó ń dán. Owó oṣù, ìyá."

"Ṣé kí n fọkàn tán yín?"

"Ẹ fọkàn tán mi."

Ìlérí tó ṣe nìyẹn. Látọjọ́ yẹn, tó bá pàdé ìyá náà pẹ̀lú ẹrù igi lórí, ojú á tì í, á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọmọ náà ò já a kulẹ̀. Góòlù nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, góòlù nígbà tó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, góòlù nígbà tó pé mẹ́rìndínlógún. Ó wá di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ìbẹ̀rù sì dé. Ìdíje kan ṣoṣo ló kù fún un láàárín àwọn ọ̀dọ́. Kóòṣì ń lọ sí iléeṣẹ́ aláṣọ yẹn lóṣooṣù láti bèèrè bóyá wọ́n ti ń gba agbérin. Ó lọ débi pé ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó bá ti rí i lókèèrè, á ti máa mi orí. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó wo Rẹ̀mílẹ́kún bó ṣe ń gbé irin, dípò kí inú rẹ̀ dùn, ẹrù búlọ́ọ̀kù ló ń wá sí i lójú.

Kóòṣì mìíràn, láti ìlú kejì, ló là á lóye. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, ọmọ rẹ yìí mà ti ń dàgbà. Ọjọ́-orí ilé lo ṣì ń lò fún un?"

Bàbá Jọláadé, má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Láàárín àwọn eléré ìdárayá, ọmọ kan lè ní ọjọ́-orí méjì. Ti ilé ni èyí tí ìyá rẹ̀ mọ̀. Ti pápá ni èyí tó wà nínú ìwé, òun ló sì máa ń kéré jù. Wọn kì í pè é ní irọ́. Wọ́n á ní àwọn kàn ń fi ọmọ náà pamọ́ díẹ̀ ni, kí ilẹ̀kùn kan lè ráyè ṣí. Tó bá ti ṣí, wọ́n á tún mú ti ilé jáde.

Kóòṣì lọ sí kóòtù. Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ nígbà náà, òun ni òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòṣì sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí ò tíì rọ́nà lọ ni. Ọdún méjì péré ni kí ẹ bá mi yọ." Akọ̀wé náà wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ọkùnrin náà kì í ṣe olè. Ó kàn ń bẹ̀rù ni. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún padà di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìyá rẹ̀ ò fara mọ́ ọn. Ó ní, "Kóòṣì, ọdún tí wọ́n ṣí afárá ni mo bí ọmọ yìí. Ìkókó ni, ó wà lẹ́yìn mi, mò ń ta omi fáwọn tó wá wòran. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún afárá ṣí ni?"

Kóòṣì ní, "Ìyá, kò kan àdúgbò. Inú ìwé nìkan ni."

Inú ìwé nìkan kọ́ ló dúró sí o. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n sọ, torí àwọn tó ń ṣètò ìdíje máa ń bi wọ́n léèrè lójijì. Kóòṣì bá fi í kún ẹ̀kọ́. Tí irin bá ti wà lókè orí Rẹ̀mílẹ́kún, tí apá rẹ̀ ń gbọ̀n, kóòṣì á pariwo pé, "Ọdún mélòó?" Ọmọ á dáhùn, "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!" Tó bá lọ́ra díẹ̀, kóòṣì ò ní jẹ́ kó sọ irin náà sílẹ̀. Títí tó fi jẹ́ pé kò ronú sí i mọ́, ó kàn ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni.

Ó kan ilé náà. Kòríkòsùn rẹ̀ kan wà, oṣù kan náà ni wọ́n bí wọn, wọ́n jọ ń pọn omi, wọ́n jọ ń jà. Tí àwọn eléré bá ti wà níbẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún gbọ́dọ̀ máa pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí ní àǹtí. Ó gbọ́dọ̀ máa sọ pé "ẹ" fún un. Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò wá mọ́. Ìwọ náà rò ó wò: kí ọmọ Yorùbá máa kúnlẹ̀ kí ojúgbà rẹ̀.

Ó tún kan ilé ìwé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde, kóòṣì ní kó dúró ná. Ìwé ilé ìwé rẹ̀ gbé ọjọ́ ìbí tòótọ́. Tí ìyẹn bá jáde síta, ti pápá á bàjẹ́. Ó dúró. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò wọn, wọ́n lọ.

Ọdún méjì kọjá, ìwé tún fẹ́ sọ ọ́ di ọmọ ọdún méjìdínlógún. Iléeṣẹ́ aláṣọ ò tíì gba ẹnì kankan. Kóòṣì tún gba kóòtù lọ. Akọ̀wé wo ìwé, ó ní, "Ọmọ yẹn náà kọ́ nìyí?" Ó ní, "Òun ni, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn ni." Akọ̀wé mí kanlẹ̀, ó tún lu òǹtẹ̀. Ọmọ náà tún padà di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ tó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún nílé!

Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ̀ kan dúró lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí kòkó yẹn. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, aṣọ rẹ̀ lọ̀ dáadáa, ìràwọ̀ wà léjìká rẹ̀. Ọ̀gá ni ní iléeṣẹ́ aláṣọ yẹn. Òun náà ti gbé irin rí nígbà èwe rẹ̀. Ó ní òun ti rí orúkọ ọmọ kan nínú èsì ìdíje lẹ́ẹ̀mẹta, òun fẹ́ fojú ara òun rí i.

Rẹ̀mílẹ́kún pa ẹfun sọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọgọ́rùn-ún kílò dé àyà, ó ti ẹsẹ̀ kan síwájú, ó gbé e sókè. Ọ̀gá yìí pàtẹ́wọ́ títí. Ó ní, "Háà! Níbo lẹ fi ọmọ yìí pamọ́ sí?"

Ó wá sọ fún kóòṣì pé, "Àyè kan ṣoṣo ṣí sílẹ̀, obìnrin ni wọ́n sì ń wá. Ọwọ́ mi ni orúkọ ti máa jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Mo rò pé mo ti rí ẹni tí mò ń wá."

Ọdún méje ni kóòṣì ti ń retí gbólóhùn yẹn. Ó yíjú padà láti gbé àga fún àlejò, omijé ti wà lójú rẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n rí i. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti kọjú sí ọmọ, ó fi ẹ̀rín bi í pé, "Ọmọ dáadáa, ọdún mélòó?"

Irin ò tíì fara balẹ̀ nílẹ̀ tí Rẹ̀mílẹ́kún ti dáhùn. "Mẹ́rìndínlógún!"

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. Ó ní, "Ó mà ṣe o. Ẹni tó bá ti pé méjìdínlógún sókè ni òfin ní ká gbà."

Kóòṣì ju àga sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, rárá! Ó ti pé ogún! Ọmọ ogún ọdún ni!"

"Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

"Ti pápá ló sọ, ọ̀gá. Ti ilé, ogún ni."

Obìnrin náà mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Inú iṣẹ́ náà ló ti wá. Ó ní, "Ẹ mú ìwé wá fún mi lọ́jọ́bọ."

Lọ́jọ́rú, kóòṣì àti ìyá Rẹ̀mílẹ́kún sáré lọ sí kóòtù. Ìyá náà gbé agolo mílíìkì kan dání. Káàdì tí wọ́n fi gba abẹ́rẹ́ fún ọmọ náà nígbà tó wà ní ìkókó ló wà nínú rẹ̀, ó ti pọ́n, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí ṣì hàn gbangba. Ó ti fi pamọ́ fún ogún ọdún. Akọ̀wé yẹn náà ló tẹ ìwé kẹta, òótọ́ pọ́ńbélé, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e. Kóòṣì buwọ́ lù ú.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ, wọ́n jókòó níwájú ọ̀gá. Ó ti ní kí wọ́n kó fáìlì ìdíje wá. Ó tẹ́ ìwé mẹ́ta sórí tábìlì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ọmọ kan náà, òǹtẹ̀ kan náà, ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó ní, "Ẹni tó wà lókè mi á bi mí pé èwo ni òótọ́. Kí n ní èwo?"

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún dìde. "Èmi ni mo bí i! Èmi ni kí ẹ bi! Ẹ wo káàdì, ẹ wò ó!"

Obìnrin náà ní, "Ìyá, mo gbà yín gbọ́. Bí Ọlọ́run ṣe wà, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi èyí ránṣẹ́ sókè, wọ́n á gba góòlù ọmọ yìí padà, wọ́n á sì wá mú kóòṣì fún ìbúra èké. Ìwé òótọ́ lẹ mú wá, ó wá jọ irọ́ kẹta." Ó kó ìwé náà jọ, ó dá a padà fún wọn. Ojú òun náà ti pọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, orúkọ ọmọbìnrin mìíràn jáde. Ọgọ́rin kílò ló ń gbé. Ó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ìwé kan ṣoṣo ló sì ní. Mi ò bú u o, ọmọ dáadáa ni.

Kóòṣì lọ bá Rẹ̀mílẹ́kún lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí kòkó láti sọ fún un. Ọmọ náà ń fi aṣọ nu ẹfun kúrò lọ́wọ́. Ó tẹ́tí sí i títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Kò sunkún, kò pariwo. Ó kàn ní, "Kóòṣì, ohun tí ẹ kọ́ mi náà ni mo sọ."

Kóòṣì gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá a nu ẹfun tó kù.

Àyè agbérin obìnrin ò tún ṣí mọ́ títí ó fi kọjá ọjọ́-orí tí wọ́n ń gbà, ti ilé tòun ti pápá. Kò ní ìdánwò àṣejáde lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ní kó padà lọ jókòó ní kíláàsì láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, ó lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó fi sílẹ̀. Igi ló ń tà báyìí. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, òun ló ń lọ sóko. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé e rù ú.

Bàbá Jọláadé, gbójú sókè kí o wò mí. Èmi ni akọ̀wé yẹn. Òǹtẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ mi kan ṣoṣo yìí ló lù wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ kò dùn mí. Mo rò pé àánú ni mo ṣe. Wọn ò san nǹkan kan fún mi, kí o má baà rò pé ẹ̀gúnjẹ ni. Àánú lásán ni, ó sì run ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́dọ̀ Rẹ̀mílẹ́kún ni ìyàwó mi ti ń ra igi. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e wá sílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dá a lára yá, mo ní, "Rẹ̀mí, o ti pé ọmọ ọdún mélòó báyìí?" Eré ni mo fi ṣe o. Ó dúró pẹ̀lú igi lórí. Ó wò mí. Ó ní, "Ti ilé ni, àbí ti pápá, Bàbá?"

Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó fẹ́ mọ èyí tí mò ń bèèrè ni. Mo wọlé, mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Mi ò ní kí Jọláadé má gbá bádímíńtìn rẹ̀. Mo ti rí i tó ń gbá a ní gbàgede ìjọ yín, ọmọ náà mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti àwọn àgbà lọ. Mi ò sì ní kí ẹ̀rù má bà ọ́. Ẹ̀rù tọ́ sí ọ. Ta ló ń wo bádímíńtìn? Ta ló ń san owó oṣù fún un? O ò lè fi ọwọ́ rẹ ṣí ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ kankan, èmi náà ò lè ṣí i. Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá ti sé ti ọmọ rẹ níhìn-ín, kí ni kó ṣe lọ́jọ́ tí tiwọn bá ṣí? Jẹ́ kó ṣe eré rẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí ìyá rẹ̀ fún un. Tó bá fìdí rẹmi láàárín àwọn àgbà, kó fìdí rẹmi, kó tún dìde. Jẹ́ kó ṣe ìdánwò rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kó kọ́ iṣẹ́ kan mọ́ ọn. Sọ òótọ́ fún un pé ọ̀nà náà tóóró, má ṣe ṣèlérí aṣọ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà tí kóòṣì yẹn ń pa ọdún ọmọ mọ́, ọdún náà ń lọ. Kò sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí fún un.

Mo mọ̀ pé kóòṣì tó ń kọ́ Jọláadé ló rán ọ wá. Mo mọ̀ pé ó ní gbogbo wọn ló ń ṣe é. Gbogbo wọn ló ń ṣe é, lóòótọ́. Èmi náà ti ṣe é.

Ó tó. Mo ti fi tákàdá sínú ẹ̀rọ. Má ṣí àpòòwé yẹn, ẹnu rẹ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ. Bàbá Jọláadé, ọdún wo ni wọ́n bí ọmọ rẹ?